Ilà Aró Borudoma

Àwòrán kì í tètè dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe kátúùnù ní Tokyo, ohun àkọ́kọ́ tí yóò kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, ìdajì àwòrán ṣì wà lórí tábìlì àwọn tó ń yà á, ìdajì tó kù ò tíì kúrò lọ́kàn ẹni tó rò ó. Ṣé kí wọ́n wá jókòó máa wojú ara wọn ni? Rárá o. Ẹni tó ń gé fíìmù yóò mú fíìmù funfun báláú, yóò fi pẹ́ńsù ọlọ́ràá fa ilà sí i lára. Pupa fún ẹnì kan, àwọ̀ aró fún ẹlòmíràn. Bí ilà tìrẹ bá yọ lójú ògiri, o lanu sọ̀rọ̀. Bí ilà bá tán, o panu mọ́. Ilà tí kì í bá ṣe tìrẹ, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lé e, kódà kí ilé máa jó. Àgbà ò gbọdọ̀ rú òfin yẹn, ọmọdé ò gbọdọ̀ rú u.

Horiuchi Kinue ló ń fa ilà aró. Ilà aró ni ti Borudoma, òmìrán onírin tó sùn sábẹ́ òkè nílùú àwọn iwin títí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Toma fi lọ jí i. Borudoma ò lẹ́nu. Fìtílà kan ló wà láyà rẹ̀, òun ló máa ń ṣẹ́jú bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Ìpín kìíní gbayì, wọ́n ṣe ìkejì, wọ́n tún ń ṣe ìkẹta lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó wo ti kìíní ti ń gbé ọmọ tiwọn lẹ́sẹ̀ wo ìkẹta báyìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń jáde láyà irin yẹn, ohùn Horiuchi Yasuomi. Nídìí fífa ilà fún ohùn yẹn ni Kinue ti di ìyàwó rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ohùn ló fẹ́ ni àbí ọkùnrin, òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Yasuomi gbọ́dọ̀ wọ ilé ìwòsàn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn dókítà yóò yọ gògóńgò rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́, kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ tí Borudoma máa fi dágbére fún Toma nínú ìpín ìkẹta, èyí tí gbogbo ayé ń dúró dè, kò sì tíì sí. Kì í ṣe pé wọn ò tíì yà á o. Wọn ò tíì kọ ọ́.

Fóònù dún nínú yàrá tóóró tí Kinue ti ń gé fíìmù ní Nishi-Ogikubo. Agatsuma ni, ọ̀gá tó ń gba ohùn sílẹ̀. "San" tí wọ́n máa ń fi kún orúkọ èèyàn, ọ̀wọ̀ ni.

"Kinue-san, ẹ kú iṣẹ́. Níbo lẹ bá a dé?"

"Gbogbo ẹ̀ ti pé, àfi ìdágbére."

"Ìdágbére yẹn gan-an ni mò ń bèèrè." Agatsuma mí kanlẹ̀. "Àwọn oníke ti pè mí láàárọ̀ yìí."

Àwọn oníke ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ tó ń fi ike ṣe Borudoma tà fún àwọn ọmọdé. Owó wọn ló ń gbé eré náà ró, nítorí náà bí wọ́n bá wúkọ́, gbogbo ilé ló ń dárò.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní bí Yasu-san ò bá sọ ọ́ lónìí, ọmọkùnrin yẹn wà nílẹ̀. Èyí tó máa ń sín in jẹ níbi àríyá òpin ọdún. Wọ́n ní ẹni tó bá dijú ò ní mọ̀yàtọ̀."

"Èmi á mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹ lọ bá Makabe níbi tí wọ́n tì í mọ́. Ẹ̀rù ẹ̀yin nìkan ló máa ń bà á."

Kinue kó fíìmù sínú àpò, ó wọ bàtà, ó jáde. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà láti jókòó. Bí ó bá jókòó, ọkàn rẹ̀ á padà sí oṣù Ṣẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn padà síbẹ̀ náà ni. Ta ló lè fi okùn so ọkàn mọ́lẹ̀?

Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, dókítà ní kí Yasuomi máa wọ aṣọ rẹ̀, ó wá pe Kinue sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Kò sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣe, nítorí ìyàwó ni wọ́n ń sọ irú rẹ̀ fún, kí ìyàwó wá gbé e mì. Kinue gbé e mì. Ó délé, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kókó kan ló yọ lọ́fun rẹ̀, pé wọ́n máa yọ ọ́ kó má baà bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, àti pé ohùn á bá a lọ. Yasuomi dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Bó bá jẹ́ kókó ni, kókó á dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n bá Borudoma délé ná."

Kí ni Kinue fẹ́ wí? Bí ó bá ní kò lè dúró, ọkọ á bi í pé kí ló dé. Bí ó bá sì sọ ohun tó dé, á ti ba ohun tí ó ń pa mọ́ jẹ́. Ó ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ń ta á lọ́kàn láti ìgbà náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ohùn Yasuomi ń fúyẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọrùn rẹ̀ ń wú, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Kinue ń fa ilà aró, tó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé irin lásán ni mo fi ọkọ mi ṣòfò fún.

Ilé ìtura kékeré kan ní Kagurazaka ni wọ́n ti Makabe mọ́. Makabe yìí ló ń darí eré náà láti ìpín kìíní, òun ló sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí irú wọn ò bá kọ̀wé parí, ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn nìyẹn: wọ́n á gba yàrá fún wọn, wọ́n á máa gbé oúnjẹ lọ bá wọn, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n jáde. Ìyá tó ni ilé ìtura ti kó bàtà rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ ìjókòó tirẹ̀. Ó rí Kinue, ó kàn mi orí.

"Kò jẹun," ló wí. "Bébà ló ń jẹ."

Òótọ́ ni. Makabe jókòó sáàárín bébà tó ti rún, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ìrẹsì róbótó tí wọ́n fi ewé òkun wé gbẹ sórí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ẹ̀yin náà ti wá ṣọ́ mi?"

"Mo wá gba àwòrán ni."

"Kò sí àwòrán."

"Ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ nígbà náà."

"Kò sí ọ̀rọ̀."

Kinue kúnlẹ̀, ó tú bébà kan wò, ó tú òmíràn. Borudoma ló wà nínú gbogbo wọn, ó dúró gbagidi, Toma wà níwájú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà ṣófo.

"Ọ̀gá Makabe, ẹ̀yin tí ẹ kọ ìparí ìpín kìíní lórí tábìlì ọlọ́tí, tí ẹ ń fi ọwọ́ kejì jẹ ẹja?"

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, mi ò tíì mọ nǹkan kan." Ó da ojú délẹ̀. "Bí mo bá kọ ọ́, Yasu á sọ ọ́. Bó bá ti sọ ọ́, ó tán. Kinue-san, bí mo bá ti gbé pẹ́ńsù, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ gé e lọ́fun."

Kinue ju bébà náà sílẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni o, ẹni tó mọ̀ ọ́n á jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ìbínú oṣù bíi mélòó kan ló wà níbẹ̀ tí kò rí ibi dà á sí.

"Ẹ dákẹ́ ná. Ọ̀bẹ ti wà nílẹ̀. Ẹ kọ ọ́, ẹ ò kọ ọ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á gé e. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni bóyá òun ló máa fẹnu ara rẹ̀ dágbére, àbí ẹni tó ń sín in jẹ fún àwọn ọ̀mùtí ló máa bá a ṣe é. Ẹ jókòó síbí, ẹ ń ṣe ìfẹ́ ọ̀rẹ́, ìfẹ́ yín sì fẹ́ gba ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀. Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran!"

Ohùn Kinue wálẹ̀.

"Kì í ṣe kókó," ló wí.

"Mo ti fura." Makabe ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé òun mọ̀?"

"Kò mọ̀. Kò sì gbọdọ̀ mọ̀."

Makabe fa bébà tí wọ́n fi wé igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó kọ nǹkan sí i, kíá, bí ẹni tó ń fa ẹ̀gún yọ, ó sì nà án sí Kinue. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: *Toma, má bojú wẹ̀yìn. Máa lọ. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.*

"Ṣé ó ń bọ̀ lóòótọ́?" Kinue bi í.

"Níbo? Ó ti ń di òkúta láti ẹsẹ̀ wá. Irọ́ ló ń pa fún ọmọ náà kó lè kúrò níbẹ̀."

"Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé kò mọ̀ ni?"

"Ó mọ̀. Ó ń gbọ́ bí òkúta ṣe ń gun irin lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi hàn pé òun mọ̀, ẹ̀bùn tí òmìrán fún un bàjẹ́ nìyẹn. Torí náà ó ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́, ó sì ń lọ."

Kinue ká bébà náà sínú ọwọ́.

"Àwòrán rẹ̀ wá ńkọ́?"

"Ẹ fa ilà ná. Màá ya àwòrán tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ èémí rẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ wà ní Yoyogi. Kinue gorí òkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan fíìmù sójú ògiri, ó na fíìmù funfun sórí tábìlì, ó mú aago ìwọ̀n àkókò dání, ó dijú. Bí ó ṣe máa ń wọn ilà nìyẹn: ó máa ń jẹ́ kí Yasuomi sọ ọ̀rọ̀ náà nínú orí òun. Ohùn náà sì dé wẹ́rẹ́, ohùn ńlá tó ń rọra yí bí ọmọ ọlọ, *Toma, má bojú wẹ̀yìn*, ó sinmi, *máa lọ*, ó tún sinmi, *mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ*. Kinue tẹ aago. Ó fa ilà aró náà dé ibi tí ohùn dé, ó lẹ fíìmù pọ̀, ó gbé e fún ẹni tó ń tan ẹ̀rọ.

Yasuomi wà nísàlẹ̀ níwájú máìkì, ó wé síkáàfù mọ́ ọrùn, omi oyin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Odagiri Mitsuyo dúró sí, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ fún Toma. Obìnrin ló sábà máa ń ṣe ọmọkùnrin nínú eré wọn, nítorí ohùn obìnrin kì í dàgbà bẹ́ẹ̀.

"Toma," ni Yasuomi wí, ohùn rẹ̀ ń há, "o ti ń hewú o."

"Borudoma, ẹ̀yin náà ti ń dípẹtà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín jù bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni iná kú, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ogun kọjá, iwin kọjá, Yasuomi ń kó ohùn jọ bí ẹni tó ń gbálẹ̀ àká, àmọ́ ó ń rí i kó. Agatsuma ń mi orí lẹ́yìn dígí. Nígbà tí aago lọ sí mẹ́rin, ìdágbére nìkan ló kù.

Ògiri funfun. Ilà aró yọ.

"Toma, má bojú wẹ̀yìn," ni Yasuomi wí. "Máa..."

Èémí tán. Ilà ṣì ń lọ.

"Kò burú," ni Agatsuma wí nínú ẹ̀rọ. "A ó tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ikọ́ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, nígbà tó sì máa mú un kúrò, ó yára ká a. Ṣùgbọ́n Kinue ti rí pupa tó wà níbẹ̀ láti òkè. Ó yé e lójú ẹsẹ̀ ohun tí òun ṣe. Ohùn tó gbọ́ nígbà tó dijú, ohùn ìpín kìíní ni. Èémí ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko ló fi wọn ilà fún ọkùnrin tó ń kú lọ. Ta ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tó ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà èwe, tí etí rẹ̀ kọ̀ kó máa darúgbó?

Ó fa àkísà kan, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ohun tí kò ṣe rí nígbà iṣẹ́.

"Ilà yẹn gùn jù. Ẹ jẹ́ kí n nù ún kúrú díẹ̀."

Yasuomi wò ó. "Ìwọ lo fà á?"

"Èmi ni."

"Ta lo fà á fún?"

Kinue ká àkísà náà mọ́ ọwọ́.

"Borudoma lo fà á fún. Kò gùn jù fún Borudoma. Fi sílẹ̀."

"Yasu-san, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu yín."

"Mo mọ̀. Ẹnu mi náà ni." Ó ṣẹ́jú sí i bó ṣe máa ń ṣe. "Padà sókè, Kinue. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, ilà ẹ ò purọ́ fún mi rí."

Bí ó bá gbá a létí ni, ì bá sàn. Kinue gun àtẹ̀gùn padà. Ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń bẹ àwọn òkú ilé rẹ̀, ó ń bẹ irin tí kò sí níbì kankan láyé.

Ilà aró yọ.

"Toma, má bojú wẹ̀yìn."

Ohùn náà dé. Mo ní ó dé! Ohùn àtijọ́ ni, gbogbo rẹ̀, ó jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò pé nǹkan kù sí. Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Háà."

"Máa lọ," ni Borudoma wí.

Ó wá tán. Kì í ṣe ikọ́, kì í ṣe èémí. Ohùn náà kàn lọ pátápátá. Yasuomi lanu sílẹ̀ níwájú máìkì, ètè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nǹkan kan ò jáde. Ilà aró ń rìn lọ lójú ògiri funfun. Mitsuyo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ tó kù, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ó ya ẹnu rẹ̀ láti gbà á, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di í padà. Ilà kì í ṣe tirẹ̀. Omijé ń ṣàn lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó mira títí ilà fi dópin, Yasuomi sì panu mọ́.

"Ṣé a lè tún un gbìyànjú?" Agatsuma rọra bèèrè.

Yasuomi mi orí pé rárá. Ó yíjú sí gbogbo wọn, ó tẹrí ba jinlẹ̀. Àwọn náà tẹrí ba, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ lójoojúmọ́ bí iṣẹ́ bá parí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ o." Takisí ti ń dúró níta. Wọ́n dé ilé ìwòsàn kí aago márùn-ún tó lù.

Àwọn oníke ò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kí wọ́n tó pè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kò parí, pé gbólóhùn kékeré kan ló kù, kí ọmọkùnrin yẹn wá fi ohùn rẹ̀ kún un, ta ló máa mọ̀? Agatsuma gbé téèpù lọ sí Kagurazaka. Makabe gbọ́ ọ tán, ó ní kó tún fi sí i, ó tún gbọ́ ọ. Ó wá ránṣẹ́ sí wọn pé bí ohùn ẹlòmíràn bá gorí ilà yẹn, òun á dáná sun gbogbo àwòrán tó kù, kí wọ́n máa lọ fi ike wọn parí eré. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ láti inú. Ìyá tó ni ilé ìtura kó bàtà rẹ̀ jáde fún un, Makabe ò tiẹ̀ wò ó.

Kinue ò sí níbi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn, títí dókítà fi jáde wá, tó mú un lọ síbi ìsimi àtẹ̀gùn, níbi tí èrò kì í gbà.

"A yọ gògóńgò náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ti kọjá ibẹ̀. Ó ti wọ àyà. Ká ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ẹ gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ..." Kò parí rẹ̀. Ó dáa tí kò parí rẹ̀.

Kinue di irin àtẹ̀gùn mú. Èmi ni mo pa á, ló ń sọ nínú ara rẹ̀, ẹnu mi tó ní ó dáa ló pa á. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bu omi sójú nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi àtíkè díẹ̀ sí i, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Dókítà ní ó yọrí sí rere," ló wí. "Kí òdòdó igi sákúrà tó rẹ̀ tán, a ti délé."

Yasuomi, tí báńdéèjì bo ọrùn rẹ̀, tí rọ́bà wà níbi tí yóò ti máa mí, wò ó lójú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ lu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́.

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn Ẹrẹ́nà ni wọ́n fi ìparí náà hàn, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọdé ń dúró de oúnjẹ. Kinue tan tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Òun náà ò tíì rí àwòrán tí Makabe yà. Ẹlòmíràn ló bá a gé e, nítorí kò kúrò nílé ìwòsàn.

Ìlú àwọn iwin ti jó tán. Borudoma dúró lórí òkè tó ti jáde wá, òkúta ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Toma wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń rí.

"Toma, má bojú wẹ̀yìn," ni ohùn náà wí. "Máa lọ."

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n fìtílà ò kú. Makabe yà á kí ó máa ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú láyà òmìrán, ó ń ṣẹ́jú, òkúta ti dé ìbàdí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, títí dé ibi tí ilà aró gùn dé. Gbogbo ọmọ tó ń wò ó ní Japan nírọ̀lẹ́ yẹn ló ń bi ìyá wọn pé kí ló ń wí.

Kinue bojú wo ọkọ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó rí i. Yasuomi ò wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ètè rẹ̀ ń lọ láìsí ohùn, ó ń bá fìtílà náà rìn. Kinue ti ń wo ètè yẹn láti ẹ̀yìn dígí láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò sí ohun tó lè sọ tí kò ní yé e.

*Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ*, ni ètè náà wí. *Kinue. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.*

Fìtílà kú. Yasuomi panu mọ́, kò yá, kò pẹ́.

Ó wá yé Kinue, ó yé e dé egungun. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, láti ìgbà tó dákẹ́ pẹ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀ kókó. Òun ló yan Borudoma, kì í ṣe ẹnu Kinue tó ní ó dáa. Ó sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa purọ́ fún un láti ọjọ́ yìí wá, nítorí ó rí i pé irọ́ yẹn ló ń mú un dúró. Kinue fẹ́ ṣubú lé e láyà. Ó fẹ́ bi í pé, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n dá gbé e? Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, Toma ń lọ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò yíjú padà.

Kinue gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó tún aṣọ ìbora ṣe lára ọkọ rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ má pẹ́ o."

Ó mú kẹ́tùlù, ó jáde lọ pọn omi gbígbóná sí i ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.